Orúnkún Ìyàwó Mi àti Àṣíborí Tó Ń Sọ̀rọ̀

Kí ẹlòmíràn tó nàka sí mi, ẹ jẹ́ kí n yáa fi ọwọ́ ara mi nàka sí ara mi. Èmi ìyá àgbà yìí, olóhùn bí fèrè ọkọ̀ akẹ́rù, onídìí tó jẹ́ pé àga kan kò gbà á, èmi ni mo ṣe ìyàwó ọmọ mi léṣe. Mi ò lù ú. Mi ò bú u. Mo kàn kí i ni. Ìkíni ni mo fi ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Àwọn tó ń lọ káàkiri kéde ààbò ojú pópó ló ní kí n sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Mo bi wọ́n pé ṣé bó ṣe rí gan-an ni kí n sọ ọ́, àbí kí n fi lọ́fínńdà wọ́n ọn? Wọ́n ní bó ṣe rí ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fìdí lélẹ̀.

Alùpùpù ni ìyàwó mi fi ń ṣiṣẹ́. Kì í gbé èrò o. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, òun ló ń kó àwọn ìgò tín-ín-rín náà sínú àpótí oníyìnyín, tí yóò sáré gbé wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò ńlá kí wọ́n tó bàjẹ́. Ẹlẹ́jẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà á jẹ́, á rẹ́rìn-ín. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ju ìgbálẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó sórí máṣíìnì yẹn, ọkùnrin á yà fún un.

Fóònù ni wàhálà ibẹ̀. Ilé àyẹ̀wò á pè é pé kó yà síbí, ilé ìwòsàn á pè é pé kó yà sọ́hùn-ún. Ìyàwó mi á ki fóònù bọ àárín etí àti àṣíborí, á wọ́ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó ń wo àṣá, á sì máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, ọmọ mi tó ń ṣe kápẹ́ńtà, kò lè fara dà á mọ́. Lọ́jọ́ kan ó ra ẹ̀rọ kékeré kan wálé. Íńtákọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ àṣíborí ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ibi tí à ń sọ̀rọ̀ sí á wà níwájú ẹnu, ibi tí à ń gbọ́ ọ̀rọ̀ á wà létí méjèèjì. Tí wọ́n bá ti so fóònù mọ́ ọn, ẹni tó wọ àṣíborí á máa gbọ́ orin, á sì máa dáhùn ìpè láìki nǹkan kan bọ etí.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta. Ọ̀gá Wáyà là ń pè é, nítorí wáyà ta sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ilé aláǹtakùn. Ẹ bi mí pé ta ló ní kí n tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó pè mí. Nǹkan tuntun kì í gba iwájú mi kọjá kí n má fọwọ́ kàn án ni.

“Ẹ kọ́kọ́ pa máṣíìnì yín,” Ọ̀gá Wáyà sọ fún ìyàwó mi. “Orí ìdúró la ti ń so fóònù mọ́ ọn. Ẹ ò gbọdọ̀ gbìyànjú ẹ̀ lórí ìrìn láéláé.”

Ó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ àṣíborí, ó dì í mú bẹ́ẹ̀. Iná kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú: pupa, búlúù, pupa, búlúù.

“Ẹ wò ó, ó ń ṣẹ́jú sí wa,” mo ní. “Ọkọ ló ń wá.”

“Ẹ ò parọ́, màmá. Fóònù ni ọkọ ẹ̀.”

Ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní búlútúùtù. Orúkọ mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ti tẹlifíṣàn onílé kejì, ọ̀kan jẹ́ ti aago ọwọ́ ẹnì kan tó ń kọjá lọ.

“Ẹ wo orúkọ tó wà lára páálí ẹ̀rọ yín,” ó ní. “Òun ni kí ẹ wá níbí, òun nìkan ni kí ẹ tẹ̀, kí fóònù yín má baà lọ fẹ́ ìyàwó oníyàwó.”

Ìyàwó mi tẹ̀ ẹ́. Iná náà ṣíwọ́ ìṣẹ́jú. Ohùn kan sọ nínú àṣíborí pé ó ti so pọ̀, mo sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó wà níbi ìgbéyàwó.

Mo ní kí wọ́n gbé e sí mi lórí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú orí tí mo ní. Ó wọlé, kò fẹ́ jáde mọ́. Ọ̀gá Wáyà tan orin sí i. Yéè! Àfi bí ẹni pé àwọn olórin wà nínú agbárí mi. Mo jó. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, mo fi ìdí gbá ìdajì wáyà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lulẹ̀. Mo rí i tí wọ́n ń la ẹnu, mo rò pé ẹ̀rín ni. Ènìyàn méjì ló fa àṣíborí náà kó tó kúrò.

Ọ̀gá Wáyà kò rẹ́rìn-ín. “Màmá, ṣé ẹ gbọ́ fèrè ọkọ̀ yẹn?”

“Fèrè wo?”

“Èyí tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọn ọ́n.” Ó yíjú sí ìyàwó mi. “Ẹ rí i? Ẹ jẹ́ kí orin rẹlẹ̀ débi tí ẹ fi máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì ara yín. Tí ẹ ò bá ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ ò ní gbọ́ ikú. Ó tún ku ohun kan. Ẹ̀rọ yìí lè máa gbé ìpè fúnra rẹ̀. Ẹ ò ní tẹ nǹkan kan. Ohùn ẹni tó pè yín á kàn bọ́ sí yín létí gbì. Mo ti pa á. Ẹ jẹ́ kó wà ní pípa.”

Mo fò dìde. “Kí lẹ pa á sí? Èyí tó dùn jù níbẹ̀ nìyẹn!”

“Ẹni tó wà lójú ọ̀nà ló yẹ kó yan ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, màmá.”

“Ṣé èmi náà ni kó máa yàn? Èmi tí mo bí ọkọ ẹ̀?”

“Ọkọ̀ akẹ́rù ò mọ ẹni tó bí ọkọ ẹnì kankan.”

Mo pòṣé. A padà sílé. Ọjọ́ kejì, mo pe ìyàwó mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò gbé e. Nígbà tó dé, mo ti wú bí àkàrà òyìnbó. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀rọ ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ àgbà. Ó wọlé lọ bọ́ bàtà. Nígbà tó jáde, ó kúnlẹ̀ tì mí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ má bínú. Mo ti tan án. Tí ẹ bá ti pè báyìí, mo ti gbé e nìyẹn.”

Inú mi dùn. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kọ. Èmi ni mo ṣe àdúrà yẹn o. Ẹ rántí.

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti di aago mẹ́jọ àárọ̀, tí mo ti fọ ẹnu, tí mo ti mu tíì, mo ti tẹ fóònù.

“Ìyàwó!”

“Màmá, ẹ káàárọ̀, mà.”

“Ṣé o kúnlẹ̀?”

“Mo kúnlẹ̀, mà.”

“Irọ́ lo pa! Mi ò gbọ́ ọ. Kúnlẹ̀ dáadáa!”

Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Mo wá ń fi fọ́nnu kiri àdúgbò. Mo ní etí mi mú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ìkúnlẹ̀ nínú ohùn ènìyàn. Ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ a máa rọ̀. Ohùn ẹni tó dúró gbagidi a máa ní egungun. Àwọn aládùúgbò á ní, “Ìyá yìí, ayé yín dára.” Orí mi á wú.

Ọmọ mi kìlọ̀ fún mi. “Màmá, ẹ jẹ́ kó dé ibi tó ń lọ kí ẹ tó máa pè é.”

“Ṣé mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ ni? Kò lo ọwọ́, kò lo ojú. Ẹnu lásán ló ń lò.”

Bí ọgbọ́n mi ṣe tó nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ ń yọ̀. Mo ń wá awò ojú mi. Mo tú àpótí, mo gbọn ìrọ̀rí, mo fi ìdí gbalẹ̀ níbi tí mo ti ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò rí i. Mo ní ìyàwó mi nìkan ló lè mọ ibi tó wà. Aago mẹ́jọ kò tíì lù. Mo tẹ fóònù.

“Ìyàwó!”

“Màmá, ẹ káàárọ̀, mà.”

“Ṣé o kúnlẹ̀?”

“Mo kún—”

Irin ha ilẹ̀. Nǹkan ńlá kan gbá nǹkan ńlá kan. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Ẹ̀rọ náà kò já o. Ó ṣì so pọ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, kúkúrú, kúkúrú, bí ẹni tó gbé omi gbígbóná mì. Mo figbe ta. Mo ń pè é, mo ń pè é, ohùn mi sì ń hó nínú àṣíborí lórí rẹ̀ níbi tó nà sí lójú títì, kò sì lágbára láti gbé ọwọ́ sókè kó pa mí lẹ́nu mọ́. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan sún mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò tíì rí ojú rẹ̀ títí dòní.

“Màmá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ariwo yín ni kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí à ń bi í.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ní kí n dákẹ́ tí mo sì dákẹ́.

Mo ká ọwọ́ lérí. Ọwọ́ mi kan awò ojú mi. Iwájú orí mi ló wà.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, ọmọ mi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó lára aṣọ rẹ̀. Kò kí mi. Dókítà ní orúnkún ọ̀tún fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n máa fi irin sí i. Ó ní ìyàwó mi máa yè, kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bóyá orúnkún yẹn á tún ká, bóyá á tún gun alùpùpù, òun kò lè ṣèlérí.

Ọjọ́ kẹta ló tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọ̀gá Wáyà wá kí i. Ó gbé àṣíborí tó ti sán náà lé orí itan, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tó ti sán. Ó bi í wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?”

“Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú mi,” ìyàwó mi ní. “Mo rí i. Àyè wà dáadáa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà lórí bíréèkì, mo ti ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ń yọ̀.” Ó wò mí, ó tún wo ògiri. “Màmá wá pè. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí bíréèkì.”

“Ó ṣe kúrò?” ọkọ rẹ̀ bi í. “Ọwọ́ lo fi ń gbé ìpè ni?”

“Rárá. Ẹ̀rọ ló gbé e fúnra ẹ̀.”

“Kí lo wá ń ṣe?”

“Mo kúnlẹ̀,” ó ní.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọhùn, ohùn náà kò sì jọ tèmi.

“Ìyàwó, ṣebí àwàdà la jọ ń ṣe? Ṣé lóòótọ́ lo máa ń kúnlẹ̀ lórí máṣíìnì ni?”

“Díẹ̀ ni, mà. Mo kàn máa ń gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, kí n tẹ orúnkún. Ẹ ní ẹ máa ń gbọ́ ọ.”

Ọ̀gá Wáyà gbé àṣíborí náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ta ló tan ohun tí mo pa?”

“Èmi ni,” ìyàwó mi yára dáhùn.

“Ó ń bo àṣírí mi ni,” mo ní. “Ọwọ́ ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ẹnu mi ló ní kó tẹ̀ ẹ́.”

Mo retí kí Ọ̀gá Wáyà bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó kàn fa àga sún mọ́ mi. “Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Mo mọ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé tó bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló fi ń ṣàlàyé. Ó gbàgbé pé ọwọ́ yẹn ló fi di alùpùpù mú. Ẹlòmíràn, tó bá ti gbọ́ ohùn ọ̀gá ẹ̀, á nà ṣánṣán bí ọmọ iléèwé. Ara máa ń jẹ́ ìpè kí ọpọlọ tó mọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Ẹ ní kò lo ọwọ́, kò lo ojú. Ọkàn ńkọ́? Bí ẹ ṣe ní ‘Ìyàwó’ báyìí, ó ti wá bá yín nílé. Ara ẹ̀ nìkan ló kù sójú títì.”

“Ṣé kí á ju ẹ̀rọ burúkú yìí dà nù ni?” ọmọ mi bi í.

“Rárá o. Ó sàn ju fóònù tí ó ń ki bọ àárín àṣíborí lọ. Ilé àyẹ̀wò lè bá a sọ̀rọ̀, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á dáhùn, á máa bá tiẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló burú. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ ni.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí Ọ̀gá Wáyà kọ́ mi lọ́jọ́ náà, òun ni mo fẹ́ kọ́ yín. Wọ́n ti gba owó iléèwé rẹ̀ lára orúnkún ìyàwó mi, nítorí náà ẹ má fi ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó so fóònù mọ́ àṣíborí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí iná á fi ṣẹ́jú, ẹ wá orúkọ rẹ̀ gan-an nínú fóònù, ẹ dán an wò níbẹ̀, kì í ṣe ní ìkóríta. Orin tí ẹ bá fẹ́ gbọ́, ilé ni kí ẹ ti yàn án. Ẹ má ṣe máa wá orin lórí ìrìn bí ẹni ń wá iná lórí. Kó rẹlẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ọkọ̀ bá pọ̀, ẹ pa á pátápátá. Àwọn ibì kan wà tí òfin kò gbà kí ènìyàn ki nǹkan bọ etí méjèèjì lórí ìrìn. Ẹ béèrè ti àdúgbò yín kí ọlọ́pàá tó dá yín lóhùn.

Ẹ wo inú fóònù yín àti ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ibi tó ti ń gbé ìpè fúnra rẹ̀, ẹ pa á. Tí ẹni tó tò ó fún yín bá ní kò léwu, ẹ sọ fún un pé ìyá àgbà kan ní ó léwu. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ní ibi tí ẹ lè tẹ̀ kí ẹ tó gbéra, tí á máa kọ̀wé sí ẹni tó bá pè yín pé ẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ máa pè padà. Ẹ lò ó. Ìpè tó bá ṣe pàtàkì, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ẹ tó ní “hẹ̀lóò.” Ẹni tó bá pè yín lè bínú. Ìbínú kì í fọ́ orúnkún.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ̀yin ọkọ tó ń béèrè pé “Ibo lo wà?” ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹni yín wà lórí alùpùpù, ẹ fi fóònù sílẹ̀. Awò ojú yín wà lórí yín. Tó bá di dandan kí ẹ pè, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ “Ṣé o kúnlẹ̀?” Èmi àgbàlagbà yìí, tó jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ni mo fi ń mọ ọmọ gidi, “Ṣé o ti dúró?” ni mo ń bi gbogbo ènìyàn báyìí. Tí wọn ò bá tíì dúró, mo pa fóònù mi nìyẹn.

Ìyàwó mi ti wà nílé báyìí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà gbọọrọ lórí àpótí tí ọkọ rẹ̀ kàn fún un. Irin ṣì wà nínú rẹ̀. Dókítà ti wá sọ ọ́ ní àsọyé: á rìn, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn kò ní ká bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ẹlòmíràn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ báyìí. Tí alùpùpù bá kọjá níta, ìyàwó mi á yí orí, á gbọ́ ọ títí tó fi máa jìnnà.

Èmi ni mo ń po tíì fún un láràárọ̀. Mo gbé e wọlé lánàá, mo rìn jẹ́jẹ́, ohùn mi kò tíì jáde. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbà fún un, ó tún jókòó. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè sí mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Màmá, ẹ káàárọ̀, mà. Ohùn mi nìkan ló kúnlẹ̀ lónìí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?”